Ẹrù Tí Odò Kò Lè Tú

Èébú ni Àwẹ̀ró dì lọ bá wọn létí odò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, okùn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé bó bá ń ti oko bọ̀, ajá abúlé á ti yà fún un lọ́nà. Láti ilé ló ti to ọ̀rọ̀ náà jọ: pé kí ni àwọn ọmọ Ṣàgámù tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún ń wá létí Odò Ọ̀tẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti gbàyè, pé bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n wá rà, kí wọ́n yáa tètè padà, torí ẹni tó tà á fún wọn kò ní ìtìjú. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó lo ìborí funfun fi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa di orí okùn yìí mú. Ẹni tó máa ń dì í mú kò wá lónìí."

Àwẹ̀ró di okùn mú. Àfi bí ẹni tí wọ́n gbé ọmọ lé lápá lójijì: èébú lè wà lẹ́nu, ọmọ kò ṣe é jù sílẹ̀.

Kàúsárà ni ọ̀dọ́bìnrin náà. Ìdílé olóbì ni wọ́n bí i sí ní Ṣàgámù. Bàbá rẹ̀ ń kó gbàǹja lọ sí òkè Ọya, òun àti ìyá rẹ̀ sì ń ta obì ní ìsọ̀. Ṣùgbọ́n bí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù bá ti pé, òun àti àwọn mẹ́jọ mìíràn á gbéra, wọ́n á gba ẹ̀yìn Likosi wọ abúlé Òkè-Ọ̀tẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ka ìdọ̀tí. Mo ní wọ́n á wá kà á. Ẹgbẹ́ Aṣọ́dò ni wọ́n sọ ara wọn. A-ka-ọ̀rá ni ará abúlé ń pè wọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ta okùn tó gùn ní ọgọ́rùn-ún ìgbésẹ̀ sí bèbè odò, ibì méjì kan náà lóṣooṣù, ọ̀kan lápá òkè, ọ̀kan lápá ìsàlẹ̀, ì báà mọ́, ì báà dọ̀tí. Ohunkóhun tó bá jẹ́ ike tàbí ọ̀rá láàárín okùn náà, bí kò tilẹ̀ ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ, wọ́n á ṣà á, wọ́n á dà á sórí tapólì, wọ́n á sì yà á sọ́tọ̀: ọ̀rá píọ́wọ́tà níbí, ìgò ike lọ́hùn-ún, ìdérí, bàtà rọ́bà, abọ́ funfun tí wọ́n ń di ìrẹsì sí. Ọláníyọnu, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń kọ́ ọmọ girama ní ìṣirò ní Ìlíṣàn, á gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kàúsárà á kọ ọ́ sínú ìwé, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ń ka ti etí òkun l'Éèkó, nítorí pé ohun tí Ọ̀tẹ̀rẹ̀ bá gbé, ọ̀sà ló ń gbé e fún, ọ̀sà náà á sì gbé e fún òkun.

"Ẹ gbéra láti Ṣàgámù, ẹ wá ka ọ̀rá píọ́wọ́tà," ni Àwẹ̀ró wí lọ́jọ́ náà, okùn lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ ti ka irun orí yín tán ni?"

"A máa dé orí ìyẹn, Màmá," ni Kàúsárà fèsì. "Ọ̀rá ló kọ́kọ́ kàn."

Àwẹ̀ró wò ó. Ẹni tó dá a lóhùn báyìí kẹ́yìn ti kú láti ọdún kẹwàá, ọkọ rẹ̀ sì ni. Ó padà wá lóṣù kejì. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, kò sí ẹni tó le tó o nínú iṣẹ́ náà. Bí Ọláníyọnu bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ bo ọ̀rá tí ilẹ̀ ti gbé mì dé ìdajì, yóò gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀: "Tíṣà, ṣé ẹsẹ̀ rẹ ti mọ ìwé kọ ni? Gbé e kúrò níbẹ̀ kí ojú ríbi kà á." Èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ló fi ń sọ ọ́, ìdajì rẹ̀ kì í sì í yé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n a máa gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ìwé Kàúsárà ló da omi àlàáfíà rú. Ní oṣù kejì ọdún, ó jókòó sórí òkúta, ó ń ṣí i síwá sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ wá gbọ́. Ní apá òkè, a máa ń rí lé ní ẹgbẹ̀rin nínú okùn kan. Ní apá ìsàlẹ̀, kò pé ọgọ́ta rí. Odò kan náà ni. Kí ló ń gbé ìyókù mì láàárín?"

Àwẹ̀ró mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ síwájú, ó ń ká okùn. Ohun tó wà láàárín ni Kọ̀rọ̀ Yèyé, níbi tí odò ti ṣẹ́ po wọnú igbó ńlá, tí igi fi orí kan orí, tí ènìyàn kì í wọ̀. Òun gan-an ni olùtọ́jú ibẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ ní ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, ó mú un wọnú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fi iyanrìn funfun kan hàn án tó mọ́ bí iyọ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu rẹ̀. Ìkíní: ọwọ́ ènìyàn kì í tú ẹrù odò. Ìkejì: ohun tó bá wọ Kọ̀rọ̀, ọwọ́ ènìyàn kì í gbà á padà.

Ẹrù yẹn, obì àbàtà ni. Lọ́dọọdún, ogún ilé tó wà lábúlé náà á di obì, ilé kọ̀ọ̀kan ẹrù kan, wọ́n á so ó, Àwẹ̀ró á sì gbé e lé orí omi ní ẹnu Kọ̀rọ̀, odò á rọra fà á wọlé. A kì í tú u. Odò fúnra rẹ̀ ló ń tú ohun tí a bá fún un, bí àgbà ṣe ń tú ẹrù rẹ̀ nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kọjá yíyọjú. Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, omi Kọ̀rọ̀ kò rí ọ̀nà lọ, ó yí padà, ó wọ abúlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó kó ilé mẹ́ta lọ, ó sì gba ògiri yàrá Àwẹ̀ró pẹ̀lú orógbó tó sá sójú fèrèsé. Òjò àkọ́rọ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ mọ́. Bí a kò bá la Kọ̀rọ̀, abúlé ni yóò lọ. Bí a bá là á, ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò lọ. Ọ̀kan nínú méjèèjì, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n lè bi.

Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ bá Bàbá Àjàyí, àgbà ilé ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó máa ń dákẹ́ bí ìkòkò tí wọ́n dé.

"Ọkọ mi," ni ó pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹbí ọkọ, "mo fẹ́ wọ Kọ̀rọ̀."

"Láti ṣe kí ni?"

"Láti kà á. Wọ́n ní ká má tú u, wọ́n ní ká má gbà á padà. Ta ló ní ká má kà á?"

Bàbá Àjàyí wò ó títí. "Ìyàwó, bí ẹnu rẹ bá jẹ́ ọkọ́, à bá ti ro gbogbo Rẹ́mọ tán. Lọ kà á. Ṣùgbọ́n bí o bá mú koríko kan jáde níbẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ ni."

Láàárọ̀ Sátidé ni Àwẹ̀ró àti Kàúsárà bọ́ bàtà ní ẹnu Kọ̀rọ̀. Olùtọ́jú láṣẹ láti mú ẹnì kan dání. Ọláníyọnu àti àwọn yòókù dúró síta, Bàbá Àjàyí náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀. Kàúsárà ń mi ètè, ó ń ka Bísímílà sínú.

"Sọ ọ́ sókè," ni Àwẹ̀ró wí. "Ta ló sọ fún ọ pé odò ń bínú orúkọ Ọlọ́run?"

Wọ́n gba abẹ́ ìtàkùn wọlé. Ìgbésẹ̀ ogún péré, ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì dúró.

Àwẹ̀ró kọ́kọ́ rò pé igi ló tanná. Láti ẹsẹ̀ wọn dé ibi tí ọkùnrin méjì kò lè nà dé bí ọ̀kan bá gun èjìká èkejì, gbogbo igi ló wọ ọ̀rá. Funfun, dúdú, aláwọ̀ ojú ọ̀run, onílà pupa. Gbogbo wọn nà sí apá kan ṣoṣo, ibi tí omi gbà lọ nígbà tó kún, ní ìpele-ìpele, ọdún lórí ọdún. Oòrùn àárọ̀ ń gba inú wọn kọjá, àwọ̀ oríṣiríṣi sì ń rìn lórí apá àti ojú wọn. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé. Kò le, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rá náà dìde papọ̀, wọ́n dún.

"Màmá," ni Kàúsárà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ó dún bí ìgbà tí gbogbo èrò yídì bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà."

Àwẹ̀ró gbé ẹsẹ̀ kan sí iwájú. Kò sí omi níbẹ̀ mọ́. Ìgò, bàtà, ọ̀rá àti àpò ti hun ara wọn bí ẹní, ó nípọn, ó gbé ènìyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì tẹ̀ ẹ́, ẹní náà gbé e sókè díẹ̀, ó sì rọra gbé e sọ̀kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀kan sí i. Odò wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ń mí.

Àwọn ohun abẹ̀mí ti kó wọlé síbẹ̀. Akàn kan jáde láti inú ìgò, ó gbé ọwọ́ sókè bí onílé tí àlejò jí lójú oorun. Àwọn ẹyẹ ẹ̀ga ti tú òwú àpò ìrẹsì, wọ́n fi hun ilé, ilé aláwọ̀ ojú ọ̀run bí ọgọ́rùn-ún tó ń fì lórí ẹ̀ka, ọmọ ẹyẹ sì ń ké nínú wọn. Ní etí kan tí omi ti gé òkìtì náà bí ẹni tó ń gé búrẹ́dì, ìpele rẹ̀ hàn láti òkè délẹ̀: ọ̀rá àná lókè, ọ̀rá ìgbà tí Kàúsárà wà ní girama láàárín, ọ̀rá ìgbà tí wọ́n bí i ní ìsàlẹ̀. Kò sí èyí tó ti jẹrà. Aṣọ tí Àwẹ̀ró fi ṣègbéyàwó ti gbó, ọkọ tó fẹ́ ẹ ti di erùpẹ̀, ọ̀rá tí ẹnì kan fi mu omi lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ wà níbẹ̀, ó ń dán.

"Ṣé o ń kà á?" ni Àwẹ̀ró bi í níkẹyìn.

Kàúsárà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì fa ìlà kan. "Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe yí sí ẹ̀yìn òkúta ńlá tó wà láàárín Kọ̀rọ̀ ni wọ́n rí wọn. Wọ́n kó jọ sí ìdí òkúta náà bí ẹyin ẹranko tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀, ọgọ́rùn-ún lọ́nà bíi mẹ́rin, ó wú, ó dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹnu síso rẹ̀ sókè. Kàúsárà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Màmá, àwọn ará etí òkun ti kọ èyí sí mi rí. Ọdún tó kọjá. Wọ́n ní àwọn rí ọ̀rá síso mẹ́rin lórí iyanrìn, ohun dúdú wà nínú wọn, àwọn ò mọ nǹkan tó jẹ́." Ó fi ojú sún mọ́ ọn. "Obì ni."

Àwẹ̀ró ti mọ̀ kó tó sọ ọ́. Kókó tó wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn ló rí. Ọlọ́wọ́ òsì ni Àwẹ̀ró, bó bá so nǹkan, òdì ni kókó rẹ̀ máa ń kọjú sí, wọ́n sì ti fi ìyẹn bú u láti kékeré. Kókó tó kọjú sódì ló wà níwájú rẹ̀ yìí. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òmíràn wà lábẹ́ ìyẹn.

Ó jókòó sórí ẹní tó ń mí náà.

Ewé gbòdògì ni wọ́n fi ń di obì láyé ìyá ọkọ rẹ̀. Odò á rẹ ewé, ewé á rọ̀, ikó tí wọ́n fi so ó á já, obì á bọ́ sómi, ó parí. Nígbà tó di ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, wọ́n ti ro igbó gbòdògì tán, ewé wá ṣọ̀wọ́n. Àwọn olóbì Ṣàgámù bẹ̀rẹ̀ sí í so àbàtà sínú ọ̀rá tín-ín-rín, torí ọ̀rá kì í jẹ́ kí obì gbẹ. Ará abúlé rà á bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró kò tú u, torí ọwọ́ ènìyàn kì í tú ẹrù odò. Ó pa òfin mọ́ débi pé kò fi ìka kan ṣìṣe. Lọ́dọọdún ló ń gbé oúnjẹ fún odò, tó sì ń tì í mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ọ̀rá ìsọ̀ wa ni," ni Kàúsárà wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Onílà ewé yìí. Ìyá mi nìkan ló ń lo onílà ewé. Èmi ni mo ń so ó nígbà tí mo wà ní kékeré, Màmá. Èmi gan-an."

"Dákẹ́. Ìwọ so tìrẹ, mo sì fi kókó tèmi lé e." Ó gbójú sókè kí omi ojú má baà bọ́, ìgbà náà ló wá rí igi.

Láàárín àwọn ẹrù náà, igi obì kan dúró, ó ga ju òrùlé lọ, ewé rẹ̀ ń dán, apó obì méjìlá wà lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wọ ọ̀rá. Ọ̀rá onílà ewé, ó fún mọ́ ọn bí ẹ̀gbà ẹsẹ̀, kókó rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kọjú sódì. Obì ti hù nínú ẹrù náà. Ó wà nínú òkùnkùn àti ọ̀rinrin, kò sí ẹni tó tú u, ó fi orí lu ọ̀rá, ó fà á ya, ó fi gbòǹgbò wá ilẹ̀ láàárín ike ogún ọdún títí tó fi rí i, ó sì gbéra lọ sókè.

Wọ́n wò ó. Kàúsárà ní "Súbúhánà-llah" bí ẹni tó gbàgbé pé òun ní ẹnu. Àwẹ̀ró dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ òsì kan ara igi náà, ó sì fi ọ̀kan tó kù gbé ẹrù tó sún mọ́ ọn jù lọ.

"Màmá, ẹ ní kíkà nìkan ni."

"Mo mọ ohun tí mo ní."

Àwọn tó wà níta gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Bàbá Àjàyí rí ohun tó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó fi ọ̀pá rẹ̀ dí wọn lọ́nà.

"Ìyàwó. O gba ẹrù odò padà."

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí mo bá se ìkọ́kọrẹ́ fún yín, tí mo gbé e sínú ìkòkò onírin, tí mo fi kọ́kọ́rọ́ tì í, tí mo sì mú kọ́kọ́rọ́ náà lọ sóko, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Kí ni ìyẹn ní í ṣe pẹ̀lú..."

"Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tí iṣu kì í pẹ́ lórí iná kí ẹ tó bi ẹni tó kú nílé."

Ọláníyọnu yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá Àjàyí ní, "N kò tíì jẹun."

"Ọdún méjìlélógún ni odò yìí kò tíì jẹun. Ẹ wo obì yín níhìn-ín. Ohun tí ènìyàn kò rí gbà, báwo la ṣe fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Jẹ́ ká fi obì bi í, ká mọ ohun tó wí."

"Obì tí ẹjọ́ rẹ̀ wà nílẹ̀ yìí kan náà? A kì í fi ọ̀daràn ṣe adájọ́, ọkọ mi."

Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu omi. Ẹnu rẹ̀ ni kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì kọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó bá tú ẹrù odò, ojú rẹ̀ á fọ́. Ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ó fa kókó náà, ó kọ̀, ó fi eyín sí i, ó já. Omi dúdú dà sínú Ọ̀tẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kù nínú obì, ó ràn kálẹ̀ bí èéfín, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà tí ènìyàn lè fi ka ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, odò mú un lọ.

Àwẹ̀ró ṣẹ́jú. Ó rí ọwọ́ rẹ̀. Ó rí omi. Ó na ọ̀rá òfìfo náà sí Ọláníyọnu.

"Tíṣà. Ẹyọ kan. Kọ ọ́."

Bàbá Àjàyí yí padà, ó lọ sílé.

Sátidé márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, ẹgbẹ́ A-ka-ọ̀rá àti ará abúlé pọ̀, torí ẹni tí omi ti kó ilé rẹ̀ lọ kì í pẹ́ lórí àríyànjiyàn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n ń ta okùn. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀rá kan jáde láìkà, nítorí pé Àwẹ̀ró jókòó sí ẹnu ọ̀nà bí oníbodè. Ilé ẹ̀ga ni wọ́n fi sílẹ̀. Nígbà tí Ọláníyọnu bi í bóyá kí wọ́n gé ọ̀rá tó wà nídìí igi obì, ó ní, "Gé e, kí n gé ìwọ náà. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀kan wà, igi ló wọ̀ ọ́." Ní ti àwọn ẹrù síso, ó pàṣẹ pé ilé kọ̀ọ̀kan ni kó wá tú tirẹ̀. Àlejò kì í jẹun tán kí ó tún fọ abọ́. Ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló ń palẹ̀ mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ní kókó tirẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n: olókùn méjì, onílọ́po mẹ́ta, olójú kan. Wọ́n wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó ti tapólì, wọ́n tú ọdún méjìlélógún wọn sínú omi. Ilé Bàbá Àjàyí nìkan ni kò wá. Òun fúnra rẹ̀ máa ń gbé àpótí wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á jókòó sí abẹ́ igi ọ̀pẹ kan, á sì kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Ní Sátidé karùn-ún, ní ọ̀sán, ohun tó kù kò ju òkìtì kan lọ ní ẹnu ìsàlẹ̀ Kọ̀rọ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà fi okùn fà á. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ìró kan láti abẹ́ ilẹ̀, ó jinlẹ̀, ó gùn, bí àgbà tó ti sùn tipẹ́ tó wá yí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn tó ń fa okùn jù ú sílẹ̀, wọ́n sá gun òkè. Òkìtì náà là. Omi tó ti dúró láti ọdún gbọọrọ gbéra.

Kò sáré. Ìyẹn ló jọ wọ́n lójú jù. Ó ń jáde lẹ́sẹẹsẹ, ó gbòòrò, ó ní ọlá. Ó fọ ẹrẹ̀ lọ kọjá ìdí òkúta, ó fọ ìdí igi obì, ibi tó bá sì ti kọjá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń funfun. Kàúsárà fi ìwé rẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn ọmọ abúlé tí wọ́n bí lẹ́yìn ọ̀rá kò tíì rí iyanrìn rí lábẹ́ Ọ̀tẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé ta ló da iyọ̀ síbẹ̀. Àwẹ̀ró rìn wọnú rẹ̀ títí ó fi mù ún dé orúnkún. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ìka márùn-ún, ìka márùn-ún, ó rí wọn kedere nínú omi bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Ó ti ń ronú ohun tí yóò sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ bí wọ́n bá pàdé lọ́run, nígbà tó gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Àjàyí ni. Ó ti bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín nínú omi.

"Èwo ni tilé mi?"

"Olójú kan," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ó wà lórí tapólì. Mọ́kàndínlógún."

"Ọdún méjìlélógún la wí."

"Mẹ́ta ti lọ sí òkun, Bàbá," ni Kàúsárà wí. "Bóyá àwọn ará ibẹ̀ ti kà wọ́n."

Bàbá Àjàyí mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí ibi tí òun kò dé rí. Ó jókòó lẹ́bàá omi. Àwẹ̀ró gbé ẹrù àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ ti le, kókó náà sì kéré. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ títí tí Ọláníyọnu fi ṣe bí ẹni tó fẹ́ bá a tú u, Àwẹ̀ró sì fi ojú dá a dúró.

"Má yọ mí lẹ́nu, ìyàwó," ni bàbá náà ń kùn, kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. "Mo ń bọ̀. Mo ń tú u."

Kókó náà rọ̀. Obì dà sómi, odò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ lórí iyanrìn funfun títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Bàbá Àjàyí fi ojú sìn ín lọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ó ń dúró de èkejì.